Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Ara Ẹni Ṣe Gókáàtì Oníṣọ́ọ̀kì fún Ilẹ̀ Gbágungbàgun

Gókáàtì, ìyẹn ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n fi ń sáré ìje lórí ọ̀nà ọlọ́dà dídán kì í ní ṣọ́ọ̀kì, ohun tí ń gba ìgbọ̀n mọ́ra láàárín táyà àti ara ọkọ̀, rárá. Páìpù ara rẹ̀ ni ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti gba ìwọ̀nba ìgbọ̀n tí ọ̀nà náà ní. Bí a bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé orí kòtò àti gegele, táyà kan tàbí méjì yóò máa wà lókè ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè yà, kò lè dá ọkọ̀ dúró, kò sì lè tì í síwájú. Nítorí náà, kì í ṣe kí ara má baà ro awakọ̀ nìkan ni a ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì sí ọkọ̀ orí ilẹ̀ gbágungbàgun. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa tẹ ilẹ̀ bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ ń gòkè tí ó ń sọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ jó páìpù pọ̀ di ara ọkọ̀, kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọn yóò fi apá (irin tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀) àti ṣọ́ọ̀kì sí. Ó dá mi lójú pé àtẹ̀yìnbọ̀ ni iṣẹ́ yẹn. Táyà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ní ipò, kí apá tẹ̀ lé e, kí ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé apá, kí páìpù ara ọkọ̀ sì wá jẹ́ ohun tí a fi so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ètò yìí kò ní gé ohun tí ó ti jó pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Yíya ọkọ̀ náà sílẹ̀

Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú tí ó fẹ̀ tó, kí ẹ sì fi ẹfun ìkọ̀wé ya ọkọ̀ náà sí i ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ẹ gbé ìjókòó kalẹ̀, kí ẹni tí yóò wà á jókòó sí i, kí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú pẹ̀lú orúnkún tí ó tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dé, nítorí pé ibẹ̀ ni pẹ́dà yóò wà. Fún àgbàlagbà kan ṣoṣo, mítà 1.6 láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ ìwọ̀n tí ó dára, kí táyà ọ̀tún àti ti òsì sì jìnnà síra tó mítà 1.2. Ọkọ̀ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù yóò máa fẹ́ dojú dé níbi ìyànà. Kí abẹ́ ọkọ̀ ga sókè ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 nígbà tí awakọ̀ ti jókòó sínú rẹ̀. Bí ó bá ga ju èyí lọ, ìwúwo ọkọ̀ yóò ti gòkè jù.

Táyà àwọn ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti orí pápá ni ó yẹ iṣẹ́ yìí jù lọ. 19×7-8 níwájú àti 18×9.5-8 lẹ́yìn (gíga, fífẹ̀ àti ríìmù, ní íǹṣì) jẹ́ ìwọ̀n tí ó bá ọkọ̀ kékeré mu. Ẹ ra táyà àti ríìmù kí ẹ tó gé irin kankan, nítorí pé gíga wọn, fífẹ̀ wọn àti bí ríìmù ṣe jinlẹ̀ sí nínú ni yóò pinnu ibi tí gbogbo nǹkan yòókù yóò wà.

Apá iwájú

Níwájú, ẹ lo apá onígun mẹ́ta méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìdí ẹsẹ̀ méjì apá kọ̀ọ̀kan yóò wà lára ọkọ̀ pẹ̀lú búṣìn, páìpù kékeré tí bólútì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣóńṣó rẹ̀ yóò sì di irin ọrùn táyà mú, ìyẹn irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀ tí ó sì tún ń jẹ́ kí táyà yà sọ́tùn-ún sósì. Bí apá ìsàlẹ̀ bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 38, ẹ jẹ́ kí ti òkè wà ní nǹkan bí 30. Ìdí tí ti òkè fi kúrú ni pé, nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà tí ara rẹ̀ sì ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kúkúrú yóò fa orí táyà ẹ̀gbẹ́ náà sínú díẹ̀, kí ojú táyà má baà gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan lélẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá gùn dọ́gba, táyà yóò fì pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ìdajì ojú rẹ̀ nìkan ni yóò sì máa ṣiṣẹ́ níbi ìyànà, níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù.

Búṣìn iwájú àti ti ẹ̀yìn lára apá kan gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti rí èyí dájú ni kí ẹ fi ọ̀pá irin gígùn kan la ihò méjèèjì kọjá nígbà tí ẹ bá ń jó wọn mọ́ ara ọkọ̀, kí ẹ má sì yọ ọ́ títí irin yóò fi tutù. Bólútì mílímítà 12 tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ni kí ẹ lò, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì oníke tí kì í tú fúnra rẹ̀, kí irin sì di bólútì mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bólútì tí irin dì mú ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yóò máa tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, yóò sì ṣẹ́ níkẹyìn.

Ìlà tí irin ọrùn táyà ń yà lé lórí kò gbọdọ̀ nàró gan-an. Tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí orí rẹ̀ fì sẹ́yìn ní dígírì 5 sí 8. Ìfì yìí ni ó ń mú kí táyà fúnra rẹ̀ padà sí ọ̀gángán nígbà tí awakọ̀ bá dẹ ọwọ́ lórí sítíárìn. Tí ẹ bá wò ó láti iwájú, kí orí rẹ̀ fì sínú, débi pé bí ẹ bá fa ìlà náà dé ilẹ̀, yóò bọ́ sí tòsí àárín ojú táyà. Bí ìlà náà bá jìnnà sí àárín táyà, òkúta kékeré kan yóò máa já sítíárìn gbà lọ́wọ́ awakọ̀.

Sítíárìn tí kì í yà fúnra rẹ̀

Ibí yìí ni ọkọ̀ àfọwọ́ṣe ti sábà máa ń bàjẹ́, ohun tí ó sì ń bà á jẹ́ kì í hàn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́. Bí táyà ti ń gòkè tí ó ń sọ̀, ṣóńṣó apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń rìn lórí àyíká tí gígùn wọn pinnu. Táì-ródù, ọ̀pá tí ó so sítíárìn mọ́ irin ọrùn táyà, ń rìn lórí àyíká tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí àwọn àyíká wọ̀nyí kò bá bára mu, ọ̀pá náà yóò máa ti táyà tàbí kí ó máa fà á ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gun nǹkan, ọkọ̀ yóò sì máa yà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí sítíárìn.

Ohun tí a ó ṣe nìyí. Ẹ dúró níwájú ọkọ̀, kí ẹ fa ìlà kan láti oríkèé inú apá òkè dé oríkèé inú apá ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fa òmíràn láti oríkèé ìta ti òkè dé ti ìsàlẹ̀. Kí oríkèé inú táì-ródù wà lórí ìlà àkọ́kọ́, kí ti ìta wà lórí ìlà kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ na apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ sínú pẹ̀lú okùn títí wọn yóò fi pàdé níbì kan. Okùn tí ẹ bá nà láti ara táì-ródù gbọ́dọ̀ gba ojú ibẹ̀ náà kọjá. Èyí túmọ̀ sí pé oríkèé inú táì-ródù ọ̀tún àti ti òsì kò lè pàdé ní àárín ọkọ̀, bí ó ti wù kí ó rọrùn láti ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ lo sítíárìn eléyín títọ́ tí orí rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra tó oríkèé apá, tàbí kí ẹ ṣe irin agbedeméjì tí yóò gbé wọn jìnnà síra.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó fi sípíríǹgì kankan sí i. Ẹ gbé ara ọkọ̀ lé igi kí ó má lè mì, ẹ di sítíárìn pinpin, ẹ so pákó títọ́ kan mọ́ ríìmù, kí ẹ sì gbé táyà náà láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá. Bí ẹnu pákó bá ṣí kúrò lójú ìlà rẹ̀ ju mílímítà díẹ̀ lọ, ẹ gbé oríkèé kan sókè tàbí sísàlẹ̀ pẹ̀lú wáṣà, kí ẹ sì tún un wò. Ẹ fi gbogbo ọjọ́ kan sílẹ̀ fún èyí bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí apá mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tí sùúrù ti lérè tó ibí.

Ohun kan ṣẹ́kù nípa sítíárìn. Táyà inú ìyànà gbọ́dọ̀ yà ju ti ìta lọ, nítorí pé àyíká tirẹ̀ kéré. Bí ìlà tí ẹ fà láti orí irin ọrùn táyà gba ojú oríkèé ìta táì-ródù kọjá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá pàdé ní àárín ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, ẹ ti rí i gbà.

Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì

Ṣọ́ọ̀kì alùpùpù dára fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbé èyí tí ẹ bá rí. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti di apá mú ń yí agbára rẹ̀ padà ju bí ènìyàn ti rò lọ. Bí ó bá wà ní ìdajì gígùn apá, ṣọ́ọ̀kì yóò rin ìdajì ohun tí táyà rìn, ìdajì agbára rẹ̀ nìkan ni yóò sì dé ibi táyà. Nígbà tí a bá so méjèèjì pọ̀, líle tí táyà ń rí jẹ́ ìdá mẹ́rin líle sípíríǹgì náà. Àpẹẹrẹ kan yóò mú kí ó yé wa.

Ká ní ọkọ̀ àti awakọ̀ wúwo tó kìlógíráàmù 220, tí 40 nínú 100 rẹ̀ sì wà níwájú, a jẹ́ pé táyà iwájú kan gbé 44. Ẹ yọ nǹkan bí 10 tí táyà, ríìmù àti irin ọrùn rẹ̀ wúwo, nítorí pé sípíríǹgì kò gbé ìyẹn. Ó ku 34. Ká ní táyà lè rin sẹ̀ǹtímítà 18 lápapọ̀. Ó yẹ kí ọkọ̀ ti lo nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn 6, nígbà tí awakọ̀ bá kàn jókòó sínú rẹ̀, kí táyà baà lè sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sínú kòtò bí ó ti lè gòkè. Kìlógíráàmù 34 lórí sẹ̀ǹtímítà 6 jẹ́ 5.7 fún sẹ̀ǹtímítà kan níbi táyà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá di apá mú ní 60 nínú 100 gígùn rẹ̀, ẹ fi 0.6 lọ́nà 0.6, ìyẹn 0.36, pín in, yóò di nǹkan bí 15.7. Bí ṣọ́ọ̀kì bá tún fì sínú ní dígírì 30, ẹ fi 0.75 pín in, yóò di 21. Sípíríǹgì tí ó ń sọ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan nígbà tí ẹ bá gbé kìlógíráàmù 20 lé e lórí ni a ń wá nìyẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí sípíríǹgì ti kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, torí pé bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ó ti fún mọ́ra tẹ́lẹ̀. Ẹ sì lo irinṣẹ́ tí a fi ń fún sípíríǹgì pọ̀ láti yọ ọ́, nítorí pé èyí tí ó bá fò síni lójú lè fọ́ni lójú.

Ṣọ́ọ̀kì náà yóò rìn tó sẹ̀ǹtímítà 9.4 nínú àpẹẹrẹ yìí, nítorí náà, èyí tí ìrìn rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ kò bá a mu. Ẹ fi rọ́bà líle sí ibi tí apá yóò dé gbẹ̀yìn lókè, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì aláṣọ líle dá a dúró nísàlẹ̀. Ara ṣọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ń dá táyà dúró.

Ẹ̀yìn ọkọ̀

Fún ẹni tí ó ń ṣe ọkọ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lo apá gbọọrọ kan ṣoṣo lẹ́yìn, irú èyí tí alùpùpù ní ṣùgbọ́n tí ó fẹ̀, kí ọ̀pá irin kan tí ó nípọn tó mílímítà 30 sì la òpin rẹ̀ lẹ́yìn kọjá lórí béárìn méjì, kí táyà méjèèjì wà lórí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan máa lọ sókè-sódò lọ́tọ̀, a ó nílò ọ̀pá oloríkèé méjì àti irin tí yóò pín agbára láàárín wọn, iṣẹ́ náà yóò sì di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni pé ọ̀pá kan ṣoṣo ń mú kí táyà méjèèjì yí dọ́gba, tí èyí tí ó wà nínú ìyànà yóò sì máa fi ara ha ilẹ̀, ṣùgbọ́n lórí iyẹ̀pẹ̀ tí kò le, ìyẹn kò dí ọkọ̀ lọ́wọ́.

Ìṣòro ibí ni ṣéènì. Bí apá ẹ̀yìn bá ń gòkè tí ó ń sọ̀, tí ẹ́ńjìnì sì dúró sójú kan lára ọkọ̀, ṣéènì yóò máa le yóò sì máa dẹ̀, títí yóò fi bọ́ tàbí kí ó já. Ẹ fi ọ̀pá agbedeméjì kan sí ọ̀gángán oríkèé apá ẹ̀yìn gan-an, kí ìlà rẹ̀ àti ìlà oríkèé náà jẹ́ ọ̀kan. Ṣéènì àkọ́kọ́ yóò ti inú ẹ́ńjìnì wá sí ọ̀pá yìí, èkejì yóò ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀pá táyà. Níwọ̀n bí apá ti ń yí lórí ọ̀pá náà, ọ̀nà jíjìn láti ibẹ̀ dé táyà kì í yí padà. Àwọn kan máa ń gbé ẹ́ńjìnì lé orí apá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ láti yẹra fún èyí, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn: ìwúwo tí kò sí lórí sípíríǹgì ni táyà gbọ́dọ̀ máa gbé sókè ní gbogbo ìgbà tí ó bá kọlu gegele, ẹ́ńjìnì sì wúwo jù fún irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ara ọkọ̀

Nígbà tí gbogbo oríkèé bá ti ní ipò lórí ilẹ̀ tí ẹ yà, páìpù kò ní ṣòro mọ́. Ẹ lo páìpù irin mílímítà 32 tí ògiri rẹ̀ nípọn tó 2.5 sí 3 fún àgò tí yóò yí awakọ̀ ká, kí ẹ sì lo 25 tí ògiri rẹ̀ jẹ́ 2 fún àwọn tí ń fún un lókun. Gbogbo ojúlé onígun mẹ́rin tí ó ṣófo ni kí ẹ fi páìpù pín sí onígun mẹ́ta, nítorí pé onígun mẹ́rin a máa fì, onígun mẹ́ta kì í fì. Ibi tí páìpù méjì tàbí mẹ́ta ti pàdé ni kí orí ṣọ́ọ̀kì wà. Bí ó bá wà ní àárín páìpù kan, yóò tẹ páìpù náà. Àgò náà gbọ́dọ̀ ga ju orí akoto awakọ̀ lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8.

Ẹ gé ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan kí ó bá ara èyí tí yóò fara tì mu, kí àlàfo má baà wà láàárín wọn. Ẹ kọ́kọ́ fi iná díẹ̀díẹ̀ di gbogbo rẹ̀ mú, ẹ wọn igun sí igun ní ọ̀nà méjèèjì, kí ìwọ̀n méjèèjì sì dọ́gba kí ẹ tó jó o tán. Ẹ máa fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì bí ẹ ti ń jó o, torí pé ooru tí ó bá dúró sójú kan yóò fa irin wọ́. Ẹ má ṣe jó páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò láìjẹ́ pé ẹ ti ha síǹkì náà kúrò, nítorí pé èéfín rẹ̀ a máa fa ibà àti òtútù fún ajórin. Bí ọwọ́ yín kò bá tíì dá ṣáṣá nínú iṣẹ́ jíjó irin, ẹ di gbogbo rẹ̀ mú fúnra yín, kí ẹ sì gbé e fún ajórin tí ó mọṣẹ́ kí ó parí àgò àti oríkèé apá.

Ẹ́ńjìnì, ìjánu àti ààbò

Ẹ́ńjìnì kékeré ti bí agbára ẹṣin 6.5, tí ó ń yí 3600 ní ìṣẹ́jú kan, ti tó. Bí eyín sípúrókẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀, bá jẹ́ 10 níbi ẹ́ńjìnì àti 60 níbi táyà, táyà yóò yí 600. Táyà tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 46 yóò sì gbé ọkọ̀ dé kìlómítà 52 ní wákàtí kan. Eré yẹn pọ̀ jù fún ilẹ̀ gbágungbàgun, kílọ́ọ̀ṣì tí ń fi eré fúnra rẹ̀ dì mú yóò sì máa yọ̀ títí yóò fi jóná níbi òkè. Ọ̀pá agbedeméjì wúlò níbí náà: 12 sí 36, lẹ́yìn náà 12 sí 40, yóò mú kí ẹ́ńjìnì yí ìgbà 10 fún yíyí táyà kan, eré yóò sì di nǹkan bí 31. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ abẹ́líìtì tí ń yí jíà fúnra rẹ̀, ó dára ju kílọ́ọ̀ṣì lásán lọ fún gígun òkè.

Ìjánu (búrèkì) onírin pẹlẹbẹ yíyí tí epo ń tì, irú ti alùpùpù, ni kí ẹ fi sí ọ̀pá táyà ẹ̀yìn. Pẹ́dà ìjánu gbọ́dọ̀ le tó láti gba gbogbo agbára ẹsẹ̀ ènìyàn tí ẹ̀rù bà. Pẹ́dà tí ń fún ọkọ̀ níná gbọ́dọ̀ ní sípíríǹgì méjì tí ń dá a padà, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá já. Ẹ fi bọ́tìnnì tí ń pa ẹ́ńjìnì sí ibi tí ọwọ́ awakọ̀ lè dé nígbà tí bẹ́líìtì ti dè é mọ́ ìjókòó, ẹ fi irin pẹlẹbẹ dí àárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ́ńjìnì pẹ̀lú táǹkì epo, kí ẹ sì fi irin bo ṣéènì méjèèjì. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ kọjá ní èjìká méjèèjì àti itan. Àgò láìsí bẹ́líìtì léwu ju kí àgò má sí lọ, nítorí pé orí awakọ̀ ni yóò máa lu páìpù.

Ìdánwò

Ẹ tún táyà iwájú ṣe kí iwájú wọn sún mọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ ní mílímítà 3 sí 6, ẹ fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú táyà, kí awakọ̀ jókòó pẹ̀lú akoto, kí ẹ sì wọn bí ọkọ̀ ṣe sọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé igi, kí ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ rí i pé ìjánu ń dá táyà dúró kí táyà tó kan ilẹ̀ rárá. Wíwà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní eré ẹsẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì, ẹ wo bí ṣéènì ti dẹ̀ sí, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan béárìn láti mọ èyí tí ó gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ fi irin sílẹ̀ láìkùn ín ní ọ̀dà títí ẹ ó fi wà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹ ṣe é fún. Ọ̀dà a máa bo lílà tín-ín-rín tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó, pàápàá níbi orí ṣọ́ọ̀kì àti ìdí apá ìsàlẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nù wọ́n, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ha èyí tí ó bá là dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tún un jó, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta tì í lẹ́yìn kí ẹ tó kùn ún.